Tí Ẹ Bá Ráyè, Mà

Ọjọ́ tí Aunty Keziah kọ́ wa ní "had better" ni mo kọ́kọ́ pa ìwé mi dé nínú kíláàsì.

Mo ti fara da "must". Ìyẹn kò ṣòro. "Must" ni dandan, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Mo fara da "have to", bó tilẹ̀ jẹ́ pé "have" tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí èèyàn ní nǹkan, n kò sì rí ohun tí ẹni tó "have to go" ní ju wàhálà lọ. Ṣùgbọ́n "had better"! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ wa pé "had" jẹ́ ti àná, pé ohun tó bá ti di "had" ti kọjá lọ nìyẹn. Mo há a sórí. Bí mo ṣe ń ṣa àlùbọ́sà tó ti rà kúrò nínú èyí tó dáa ni mò ń kà á lẹ́nu, had, had, had, títí àwọn alábàárù fi ń bi mí bóyá òtútù ń mú mi. Àfi bí Aunty Keziah ṣe kọjú sí pátákó tó kọ ọ́ gàdàgbà: You had better go now.

Mo nawọ́ sókè. "Aunty, ṣé ẹni yẹn ti lọ ni àbí kò tíì lọ?"

"Kò tíì lọ, mà."

"Nígbà tí kò tíì lọ, kí ni 'had' ń wá níbẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, mà. Ó túmọ̀ sí pé ó sàn kó tètè máa lọ báyìí, kí nǹkan má bàa ṣe é."

"Báyìí?"

"Báyìí báyìí, mà."

"Ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n wá fi ń lé èèyàn jáde lónìí?"

Gbénró tó jókòó lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù ní Owódé Onírin, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti di bàbá ọmọ. "Mummy," ó ní, "you had better gbé ẹnu yín jẹ́ẹ́, kí ọjọ́ má lọ."

"Ìwọ gan-an had better pa tìẹ dé."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Aunty Keziah náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ tí ẹfun wà lára rẹ̀ bo ẹnu. Ó ní mo ti lò ó dáadáa. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú, pé mo lò ó dáadáa, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Kabirat lorúkọ mi, Ìyá Muideen ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bíró mú. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí ló yá ẹ̀kọ́ àgbà ní yàrá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Tuesday àti Thursday, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Àga àwọn ọmọdé la ń jókòó sí. Tí mo bá jókòó, orúnkún mi á kan ìsàlẹ̀ tábìlì. Tí mo bá dìde, tábìlì á fẹ́ bá mi dìde.

N kò déédé lọ jókòó síbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ni mò ń wá. Nínú ẹgbẹ́ àwa alálùbọ́sà, Ọ̀gbẹ́ni Àtàndá ló ti ń ṣe akọ̀wé láti ọdún mọ́kànlá, torí òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kankan kò lè jẹ akọ̀wé, òun nìkan ló sì ní in. Ní ìpàdé kan, wọ́n ní kí àwọn tírélà tó ń kó ẹrù àwa obìnrin máa já a sí ẹ̀yìn gọ́tà, níbi tí oníbàárà kì í dé. A ní rárá. A pariwo rárá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, tírélà já ẹrù sí ẹ̀yìn gọ́tà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé ìpàdé kí n wò ó. Mo ti ń kàwé díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Mo fi ìka tọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, àwọn obìnrin dúró tì mí, títí mo fi dé ibẹ̀: Members agreed.

"Ọ̀gbẹ́ni Àtàndá, ta ló gbà nínú wa?"

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ kékeré. "Ìyá Muideen, èdè ìwé nìyẹn. Ó jìn ju bí ẹ ṣe rò lọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn obìnrin ti ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí wá, pé àwọn á fi mí ṣe akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìdánwò. Lọ́dún àkọ́kọ́, omi kún Ajégúnlẹ̀ níbi tí mò ń gbé, ó kó ìwé mi lọ pẹ̀lú bàtà ọkọ mi; ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo wà lọ́jọ́ ìdánwò. Lọ́dún kejì, ọmọ mi Hidayat bímọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ọdún yìí ni ẹ̀kẹta, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ilé ìwé fẹ́ gba yàrá wọn padà. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni ìdìbò ẹgbẹ́. Tí n kò bá ṣe ìdánwò yìí, ọdún mẹ́rin mìíràn ni Àtàndá á tún fi máa kọ ohun tó wù ú.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fojú ire wo "had better".

Ní ọjọ́ Tuesday tó ṣáájú Saturday ìdánwò, "supposed to" ló kàn. Aunty Keziah kọ ọ́: He was supposed to come yesterday.

"Ṣé ó wá?" mo bèèrè.

"Kò wá, mà."

"Níbo ni wọ́n ti sọ pé kò wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò rí 'not'."

"Ó ti wà nínú rẹ̀, mà. Tí wọ́n bá ti fi ohùn báyìí sọ pé 'he was supposed to', a ti mọ̀ pé kò wá. Ó yẹ kó wá ni, àmọ́ kò wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tí kò wá, wọ́n tún ń ròyìn wíwá rẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ pé 'Lágbájá kò wá'?"

"Ká má bàa dójú tì í ni, mà. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́ gbangba."

"Òyìnbó yìí mà ń fi àkókò èèyàn ṣòfò o," mo ní. "Ká sọ̀rọ̀ kó yéni, kò tẹ́ wọn lọ́rùn."

Gbénró ní, "Mummy, Òyìnbó ò mọ̀ pé ẹ ní àlùbọ́sà nílẹ̀."

Nígbà tí kíláàsì tú, Aunty Keziah bá mi lẹ́nu géètì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn níbẹ̀. Mo fà á dìde, ó tún tẹ orúnkún.

"Mummy, ẹ má bínú pé mo dá yín dúró, mà. Ẹ kú wàhálà wa, mà. Mo ní, tí ẹ bá ráyè ní Thursday, mà, kí ẹ bá wa mú passport yín méjì dání. Fún ti ìdánwò yẹn ni, mà."

"Kò burú, ọmọ mi. Tí mo bá ti ráyè."

"Ẹ ṣé gan-an, mà."

Inú mi dùn. Mo ń sọ fún ara mi bí mo ṣe ń lọ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nìyí.

Ní Thursday, tírélà tí a ti ń retí láti Sókótó fún ọjọ́ mẹ́rin wọlé. Ó bàjẹ́ lọ́nà, àlùbọ́sà ti ń làágùn lábẹ́ tapólì. Ẹni tó bá ń ta àlùbọ́sà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wákàtí kan lè sọ àpò méjì di ẹ̀kọ. Olówó ẹrù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń tú u, kó máa wo àpò kọ̀ọ̀kan, kó máa ní kí wọ́n tẹ́ èyí tó tutù sí òòrùn. Tí kò bá sí níbẹ̀, èyí tó rà ni wọ́n á kó fún un. Mo wo aago, ó ti di mẹ́ta ààbọ̀. Mo rò ó pé wọ́n ní tí mo bá ráyè. Ọlọ́run rí mi, n kò ráyè. Mo pe Aunty Keziah lórí fóònù láti fi í lọ́kàn balẹ̀.

"Aunty, mi ò ráyè lónìí o. Tírélà dé."

"Hàà. Kò burú, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọlọ́run á bù sí i."

"Àmín, ọmọ mi. Ó di Saturday."

"Ẹ ṣé, mà," ó ní.

Mo padà sídìí àlùbọ́sà mi pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ní Saturday, mo ti dé Ìkòsí láago mẹ́sàn-án, ìdánwò sì di mẹ́wàá. Mo mú bíró mẹ́ta dání. Mo wọ bùbá tí mo fi ń lọ kí àwọn tó bá dé láti Mẹ́kà. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìdánwò náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, ọkùnrin kékeré tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ Muideen mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó di fáìlì mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó pe Gbénró. Ó pe ọkùnrin bíríkìlà tó ń sùn nínú kíláàsì. Ó pe gbogbo àwọn yòókù tán, ó sì pa fáìlì dé.

"Ọ̀gá, ẹ ò pe Kabirat."

Ó tún ṣí i. Ó fi ìka tọ ọ́ bí mo ṣe fi ìka tọ ìwé Àtàndá lọ́jọ́sí. "Mà, orúkọ yín ò sí níbí o. Àwọn tó bá fi passport sílẹ̀ ní Thursday nìkan ni wọ́n kọ orúkọ wọn."

Gbénró na ọrùn láti ibi tó jókòó sí. "Mummy! Ẹ ò mú passport wá? Ẹ̀yin? Àwa, ńṣe ló pariwo mọ́ wa lórí! 'You must bring it on Thursday! Ẹni tí kò bá mú un wá, kó má wulẹ̀ wá síbí!' Ó tọ́ka sí mi lójú gan-an. Ó ní, 'Ìwọ Gbénró!'"

Mo yíjú sí Aunty Keziah. Ó dúró ti pátákó, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Keziah, kí lo sọ fún èmi?"

"Mo ní..." Ó wo ilẹ̀. "Mo ní tí ẹ bá ráyè, mà."

"Nígbà tí mo pè ọ́ ńkọ́, tí mo ní mi ò ráyè?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀, mà. Mo ń rò ó pé bóyá ẹ máa rán ẹnì kan."

"Tí mo bá mọ̀, ṣé mi ò ní fi tírélà sílẹ̀? Ǹ bá fi tírélà sílẹ̀! Kí ló dé tí o ò sọ pé dandan ni?"

"Mummy, báwo ni màá ṣe wò yín lójú kí n sọ pé dandan ni fún yín?" Omijé ti bọ́. "Ẹ ju ìyá mi lọ. Tí ìyá mi bá gbọ́ pé mo pàṣẹ fún àgbà, kí ni màá sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá Òyìnbó jà lórí "had" tí kì í ṣe àná àti "supposed" tí kò wá. Mo ń sọ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ kó yéni. Èdè tí wọ́n fi wẹ̀ mí ní kékeré ló wá gbé mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó tún wá bí mi nínú jù ni pé mo mọ̀ dájú pé ká ní ọmọ yìí wò mí lójú ní Tuesday, kó ní "Ìyá Muideen, dandan ni, Thursday kò gbọ́dọ̀ kọjá," ǹ bá ti délé ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi. Ǹ bá ní tíṣà wa kò lẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, n kò lè bínú sí i tó bó ṣe yẹ, ìyẹn náà tún bí mi nínú. Mo lọ jókòó sídìí tábìlì mi. Orúnkún mi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan sún mọ́ mi. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Mummy, ó dùn mí gan-an, mà. Ẹ má bínú, mà. Mo ní, tí ẹ bá ráyè, mà, kí ẹ bá wa bọ́ síta díẹ̀, kí ẹ jókòó sábẹ́ igi lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, mà."

Mo yọ ìdérí bíró mi. "Mi ò ráyè, ọmọ mi."

"Mà?"

"O ní tí mo bá ráyè. Mi ò ráyè. Ìdánwò ni mo wá ṣe."

Gbénró pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wo Aunty Keziah. Ó wo òrùlé. Ó tún tẹ̀ ba. "Ẹ dákun, mà."

"O ò ṣẹ̀ mí rárá."

"Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ yín, mà, ohun tí mò ń sọ ni pé, tí kò bá ní ni yín lára..."

"Ó ń ni mí lára."

Ó la ẹnu. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ dìde" ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Tó bá sọ ọ́, màá dìde, torí òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì wá síbẹ̀ láti jà. Ó wo irun funfun tó yọ létí ìborùn mi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Gbénró ní, "Ọ̀gá, ẹ fún Mummy ní ìwé, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ ń lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan nu ojú. Ó fi ìwé ìdánwò kan lé iwájú mi, ó sì dúró ṣánṣán. "Aago méjìlá ni mò ń lẹ àpò ìwé pa," ó ní. "Tí passport yín méjì kò bá sí lọ́wọ́ mi kó tó di méjìlá, ìwé yín kò ní wọ inú àpò. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyẹn tó yé mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. "Dandan nìyẹn," mo ní.

"Dandan ni, mà." Ojú sì ti í bí ẹni tó bú mi.

Aunty Keziah ti nu omijé. Ó mú mi dúró ti ara ògiri funfun, ó fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré jáde. Kétu ni wọ́n ti lè tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Mo padà jókòó.

Ìdánwò náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà sí onílé wa nípa òrùlé tó ń jò. Ọ̀rọ̀ omi àti ilé, èmi ará Ajégúnlẹ̀! Mo kọ ọ́ kún ojú ìwé méjì. Nígbà tí mo dé ìbéèrè kejìdínlógún, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ ṣáájú "better". Mo pòṣé débi tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan fi wo ọ̀dọ̀ mi. Mo kọ "had" síbẹ̀, mo tẹ bíró mọ́ ọn gidigidi.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méje nígbà tí Aunty Keziah fẹsẹ̀ wọlé, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ti já. Ó fi fọ́tò náà lé orí tábìlì mi, kò kúnlẹ̀.

"Ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín sẹ́yìn rẹ̀ báyìí, kó tó gbà á," ó ní. Ó mí sínú. "Dandan ni."

Mo gbójú sókè wò ó. Òun náà wò mí.

"Mà," ó ní.

Mo kọ orúkọ mi.

Ìwé ẹ̀rí náà dé lẹ́yìn Iléyá, ó ku ọjọ́ márùn-ún sí ìdìbò. Wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ igun rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń bi mí ohun tó ṣe mí. Iwájú orí mi hunjọ, ètè mi fún pọ̀, bí ẹni tí wọ́n já ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀yìn gọ́tà. Hidayat ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò tán, tí mo sì wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Àtàndá gba ìwé ẹ̀rí náà, ó wò ó pẹ́, ó yí i síwá sẹ́yìn bóyá á rí àṣìṣe kan. Ìwé ìpàdé wà ní abíyá rẹ̀.

"Ìyá Muideen, ẹ ń bínú nínú fọ́tò yìí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní, mo na ọwọ́. "Ẹ gbé ìwé ìpàdé wá."

N kò fi "tí ẹ bá ráyè" kún un.